Ibo lèèyàn ti lè rí structure kẹ́míkà wò lọ́fẹ̀ẹ́? (próójẹ́ẹ̀tì aró àdìrẹ, Abẹ́òkúta)

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ibí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. Science lab tech ni mò ń kà níbí l'Abẹ́òkúta, próójẹ́ẹ̀tì mi sì dá lórí kẹ́míkà táwọn aláró ń lò ní Ìtòkú, ìyẹn aró fúnra ẹ̀ (indigo), kọ́ọ̀sítíìkì sódà, hydrosulphite, soda ash, àti álọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ fi dán àwọ̀ ewé wò. Súpáfáísọ̀ mi ní òun fẹ́ rí structure ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn (àwòrán bí átọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ṣe so kọ́ra), molecular weight ẹ̀ (ìwọ̀n mólékù ẹ̀), bó ṣe ń yòrò nínú omi, ewu tó wà lára ẹ̀, kí n sì kọ ibi tí mo ti rí gbogbo ẹ̀.

Wọ́n ní SciFinder àti Reaxys, àwọn dátábéèsì kẹ́míkà, làwọn àgbà ń lò, mo lọ wò ó, owó ni wọ́n ń gbà, owó ọ̀hún kì í sì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́. Mo wá lọ sórí Google, mo tẹ "indigo structure", àwòrán tó jáde pọ̀ lóríṣiríṣi, nínú òmíì O (ọ́síjìn) méjèèjì wà lápá kan náà, nínú òmíì ọ̀kan wà lókè ìkejì wà nísàlẹ̀, mi ò mọ èyí tí màá mú. Hydrosulphite ńkọ́, bí mo ṣe ń wá a ni wọ́n ń gbé nǹkan tí wọ́n ń pè ní dithionite fún mi. Ṣé ọ̀kan náà ni àbí wọ́n yàtọ̀? Fóònù ni mo fi ń ṣe gbogbo ẹ̀ o, dátà sì ti wọ́n. Ibo lèèyàn ti lè rí nǹkan wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì ṣeé gbọ́kàn lé?

Lábù Ọbáńtokò

PubChem ni kó o kọ́kọ́ lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ín, National Library of Medicine wọn, látọdún 2004 ló ti wà, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọn ò sì ní kó o ṣí àkáǹtì. Kẹ́míkà tó wà níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 100. O kàn máa tẹ orúkọ sínú àpótí tó wà lókè, ó lè jẹ́ orúkọ ọjà, orúkọ ìwé, fọ́múlà, gbogbo ẹ̀ ló ń gbà.

Kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀ níbẹ̀, CID ni wọ́n ń pè é. Kaféènì tó wà nínú obì, CID 2519 ni, áspírìn jẹ́ 2244. Tó o bá ti rí CID, kọ ọ́ síbì kan kíá, torí òun ló máa mú ẹ padà síbi kan náà lọ́la, orúkọ lè gbé ẹ lọ síbòmíì. Wàá tún rí nǹkan míì tí wọ́n ń pè ní SID, ìyẹn jẹ́ ti ohun táwọn èèyàn àti iléeṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn bó ṣe rí, kẹ́míkà kan lè ní SID tó pọ̀ lọ súà, àmọ́ inú CID kan ni wọ́n máa kó gbogbo ẹ̀ jọ sí. CID ni kó o lò.

Nínú ojú ewé náà, wá ibi tí wọ́n kọ Chemical and Physical Properties sí, ibẹ̀ ni molecular weight, melting point, solubility wà. Ibi tí wọ́n kọ Safety and Hazards sí ni ti ewu. Ohun tí mo fẹ́ kó o fojú sí dáadáa ni pé lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń kọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. PubChem kì í wọn nǹkan kan fúnra ẹ̀, ńṣe ló ń kó ọ̀rọ̀ ẹlòmíì jọ. Nígbà míì melting point mẹ́ta ló máa wà níbẹ̀, wọn ò sì ní bára mu. Kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ jáde ni kó o mú, èyí tó ń wá látọ̀dọ̀ ẹni tó wọ̀n ọ́n gan-an ni.

Ti indigo tó o béèrè, èyí tí O ẹ̀ wà lápá òdìkejì síra wọn ni kó o mú. Ó nídìí. H (háídírójìn) tó wà lára N (náítírójìn) yẹn fà mọ́ O tó kọjú sí i, fífà yẹn ló jẹ́ kí mólékù náà dúró pẹrẹsẹ, gbọn-in. Wọ́n ń pe ìyẹn ní trans, tàbí kí wọ́n kọ E síwájú orúkọ ẹ̀.

Àǹtí Kẹ́mísírì

Ọmọ Ìtòkú, kú iṣẹ́. Sodium hydrosulphite àti sodium dithionite, ọ̀kan náà ni wọ́n, Na2S2O4, molecular weight ẹ̀ 174.11. Àwọn ọlọ́jà ló ń pè é ní hydrosulphite, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ló ń pè é ní dithionite. Má jẹ́ kó dàrú mọ́ ẹ lójú.

Ohun tó máa gbà ẹ́ nínú gbogbo ìdàrúdàpọ̀ orúkọ yìí ni CAS number. Àwọn CAS, ẹ̀ka kan lára American Chemical Society, ló ń fún kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. SciFinder tó o rí yẹn, àwọn náà ló ni ín, àmọ́ wọ́n ṣí ibì kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, CAS Common Chemistry lorúkọ ẹ̀. Kẹ́míkà bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 ló wà níbẹ̀, kò tó ti PubChem rárá, ṣùgbọ́n èyí téèyàn ń rí lójoojúmọ́ ló kún ibẹ̀, nọ́ńbà tó o bá sì rí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó fúnni ní nọ́ńbà gan-an lo ti rí i. Mi ò gba CAS number lórí sáìtì ọlọ́jà kankan láìkọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Àwọn tìẹ nìyí, lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ: indigo 482-89-3, kọ́ọ̀sítíìkì sódà 1310-73-2, hydrosulphite 7775-14-6, soda ash 497-19-8.

Nọ́ńbà yìí tún ní ohun kan tó wúlò gan-an. Ẹyọ tó kẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn tó kù. Mú ti hydrosulphite, 7775-14-6. Yọ 6 ìparí kúrò ná, ó ku 777514. Bẹ̀rẹ̀ látọwọ́ ọ̀tún, 4 lọ́nà 1, 1 lọ́nà 2, 5 lọ́nà 3, 7 lọ́nà 4, 7 lọ́nà 5, 7 lọ́nà 6. Ìyẹn jẹ́ 4, 2, 15, 28, 35, 42. Ro ó pọ̀, 126. Ẹyọ tó kẹ́yìn 126 ni 6, ó bára mu. Ká ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣi méjì gbé ipò ara wọn, tó kọ 7757-14-6, àròpọ̀ ẹ̀ á di 124, 4 ló máa wá sẹ́yìn dípò 6, wàá ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí nọ́ńbà yẹn. Láàárín ìṣẹ́jú kan lo máa ṣe é, lórí bébà, láìlo dátà.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an ni ma. Mo ti dán ti kọ́ọ̀sítíìkì sódà wò, 3, 14, 0, 4, 15, 6, àpapọ̀ ẹ̀ 42, ó parí sí 2 lóòótọ́! Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa nírú èyí rí. Màá ṣe é fún gbogbo nọ́ńbà tó bá wọ téébù mi.

Tíṣà Òṣíẹ̀lẹ̀

Àlàyé wọn dáa, ẹ jẹ́ n fi ti omi kún un torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó sí kòtò lọ́dọọdún. Kẹ́míkà kan náà lè wà ní gbígbẹ, ó sì lè fa omi mọ́ra nínú kírísítà ẹ̀, PubChem àti CAS sì ka méjèèjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Soda ash gbígbẹ, Na2CO3, 105.99 ni, CAS ẹ̀ 497-19-8. Èyí tó ní omi mẹ́wàá lára, tí wọ́n ń pè ní washing soda, 286.14 ni, CAS tiẹ̀ 6132-02-1. Tí wọ́n bá ní kó o wọn 0.1 mol, gírámù 10.6 ni ti gbígbẹ, gírámù 28.6 ni ti olómi. Wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Álọ́ọ̀mù náà bẹ́ẹ̀, èyí tó dà bíi yìnyín tó wà lọ́jà, èyí tó ní omi méjìlá ni, potassium alum dodecahydrate, 474.39, CAS 7784-24-9. Gbígbẹ ẹ̀ ò ju 258.2 lọ, CAS 10043-67-1. Tó o bá kàn tẹ "alum" sínú àpótí, èyíkéyìí nínú wọn lè jáde. Torí náà kó o tó kọ molecular weight sílẹ̀, wo fọ́múlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣé H2O wà níbẹ̀ àbí kò sí.

Èkejì, tó o bá fẹ́ spectrum, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ láàbù fi ń dá kẹ́míkà mọ̀, bí IR tàbí mass spec, PubChem nìkan ò tó. Lọ sí NIST Chemistry WebBook, ti ìjọba Amẹ́ríkà náà ni, o lè fi orúkọ, fọ́múlà tàbí CAS number wá nǹkan níbẹ̀. Àwọn ará Japan náà ní tiwọn, SDBS, AIST, iléeṣẹ́ ìwádìí wọn, ló ń bójú tó o, NMR, IR, mass spec, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ fún kẹ́míkà oníkábọ́ọ̀nù. Ọ̀fẹ́ ni o, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwọ̀n téèyàn lè kó lọ lójúmọ́, ẹ má jókòó ti ibẹ̀ kẹ́ ẹ máa kó o ní àkóyawọ́.

Bọ̀dá Camp

Èmi ò tako PubChem o, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ChemSpider. Ọdún 2007 ló bẹ̀rẹ̀, Royal Society of Chemistry ti ìlú òyìnbó gbà á lọ́dún 2009, òun náà lé ní mílíọ̀nù 100 structure. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fi àmì sí orúkọ tí èèyàn ti yẹ̀ wò, o máa mọ èyí tí wọ́n fọwọ́ sí yàtọ̀ sí èyí tó kàn tẹ̀ lé ẹrù wọlé. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé mo máa wá kẹ́míkà kan nínú méjèèjì, tí structure àti CAS number bá dọ́gba, mo mú un. Tí wọn ò bá dọ́gba, Common Chemistry tí Àǹtí sọ ló máa là wá. ChEBI náà wà, ti ilé ìwádìí EMBL-EBI ní Hinxton ní England, ó kéré sí wọn gan-an, àmọ́ ó ní èyí tó jẹ́ pé èèyàn ló jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, mo gba ìyẹn gbọ́ gidi gan-an.

Ọmọ Ìtòkú, ẹ má fi fọ́múlà nìkan wá nǹkan o! Fọ́múlà indigo ni C16H10N2O2, 262.26. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú PubChem kẹ́ ẹ wo iye tó máa tú jáde. Indirubin wà lára wọn, fọ́múlà kan náà géérégé, molecular weight kan náà, àmọ́ pupa ni, CAS ẹ̀ 479-41-4, inú aró ewé gan-an ni wọ́n sì ti máa ń rí i pẹ̀lú indigo. Ẹni tó bá fi fọ́múlà nìkan mú structure lè fi pupa sípò búlúù nínú próójẹ́ẹ̀tì ẹ̀.

Ẹ kọ́ SMILES, kò le. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi lẹ́tà kọ mólékù sórí ìlà kan ṣoṣo ni, C ni kábọ́ọ̀nù, O ni ọ́síjìn, H kì í sábà hàn. Ọtí ethanol, CCO. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Indigo nìyí:

C1=CC=C2C(=C1)C(=O)C(=C3C(=O)C4=CC=CC=C4N3)N2

Ẹ kọ́pì ìlà yẹn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí PubChem tàbí ChemSpider, ó máa gbé mólékù náà wá láìbéèrè orúkọ kankan. Ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ MolView náà, inú bíráwúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní dáwùnlóòdù nǹkan kan, ẹ máa rí i tó ń yí po níwájú yín, ẹ lè fìka yí i lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìlà tí mo kọ yẹn ò sọ bóyá trans ni àbí cis (èyí tí O ẹ̀ wà lápá kan náà), torí náà ojú ewé tí wọn ò ti kọ E sí lè kọ́kọ́ jáde, ẹ wo orúkọ ẹ̀ dáadáa.

InChIKey tún wà, àmì míì tí wọ́n fi ń dá mólékù mọ̀, lẹ́tà àti dáàṣì ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 27, ti kaféènì nìyí RYYVLZVUVIJVGH-UHFFFAOYSA-N. Lẹ́tà 14 àkọ́kọ́ ń sọ egungun mólékù náà, apá tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe yí sí. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè rí indigo méjì nínú PubChem tí 14 àkọ́kọ́ wọn dọ́gba tí apá kejì yàtọ̀, ọ̀kan ni wọ́n kọ E sí, ìkejì ni wọn ò sọ. Ohun tó dáa jù lára InChIKey ni pé ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sínú Google lásán, gbogbo ibi tí kẹ́míkà yẹn bá wà ló máa kó wá.

Ọmọ Ìtòkú

Bọ̀dá Camp ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan, ká ní àwòrán nìkan ni mo ní ńkọ́? Nínú ìwé kan tí mo ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n ya structure aró tútù kan, wọn ò kọ orúkọ tó yé mi sí i.

Bọ̀dá Camp

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fọwọ́ yà á fúnra yín nínú PubChem Sketcher, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ kó wá a, ó máa ń ṣòro díẹ̀ lórí fóònù torí ìka èèyàn tóbi ju ìlà lọ, ẹ tẹ́ fóònù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè fẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yà á tán, ẹ lè ní kó wá èyí tó dọ́gba pátápátá, tàbí èyí tó ní apá yẹn nínú, ìyẹn substructure, tàbí èyí tó jọ ọ́. Ti jíjọ yẹn, wọ́n ti gbé e sí 90 nínú 100, ẹ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tí kò bá rí nǹkan kan. Ọ̀nà kejì ni DECIMER, àwọn ará Jena ní Jámánì ló ṣe é, ẹ máa fi fọ́tò structure náà sí i, ó máa sọ ọ́ di SMILES fún yín. Kí fọ́tò yẹn mọ́ o, kó má ṣe wọ́, kẹ́ ẹ gé ọ̀rọ̀ tó yí i ká kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ gbé SMILES tó fún yín lọ sí MolView, kẹ́ ẹ fi wé ìwé yẹn ìlà fún ìlà, torí ó máa ń fi N sípò C nígbà míì.

Tó bá sì jẹ́ aró tútù tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú ni, ẹ wo ara páálí tàbí agolo ẹ̀. Wọ́n máa ń kọ orúkọ bíi Vat Blue 1 tàbí Vat Green 1, tàbí C.I. (Colour Index, àkójọ àwọn aró) pẹ̀lú nọ́ńbà márùn-ún. Vat Blue 1 ni indigo fúnra ẹ̀, C.I. 73000. Vat Green 1, C.I. 59825, CAS 128-58-5. Ẹ tẹ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe wà sínú PubChem, ó mọ̀ wọ́n.

Ọmọ Aláró Kẹmta

Ẹ má bínú mo fẹ́ dá sí i. Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, aró ni màmá mi ń rẹ, èmi náà sì ń rẹ ẹ́. Inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n ti ń wọn hydros (hydrosulphite yẹn) fún wa, wọn ò kọ nǹkan kan sí i lára, bẹ́ẹ̀ náà ni sódà. Nígbà míì a máa lò ó, aró ò ní mú aṣọ dáadáa, nígbà míì òórùn ẹ̀ máa ń fa ọ̀fun ya. Ṣé nǹkan tẹ́ ẹ ń sọ yìí lè jẹ́ kí n mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn?

Àǹtí Kẹ́mísírì

Ọmọ Aláró, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé rárá. Kò sí sáìtì kankan tó lè rí inú ọ̀rá. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ìwà kẹ́míkà tí ẹ bá pè lórúkọ, tí ohun tí wọ́n wọ̀n fún yín bá yàtọ̀ sí orúkọ tí wọ́n pè é, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kà níbẹ̀ ò bá a mu. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ lè ṣe wà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kẹ́ ẹ rí dúrọ́ọ̀mù tàbí àpò tó ti bù ú, kẹ́ ẹ fi fóònù ya ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ wá CAS 7775-14-6 tàbí UN 1384 fún hydros, 1310-73-2 tàbí UN 1823 fún sódà tó jẹ́ líle. Nọ́ńbà UN yẹn, ti ẹrù eléwu ni, sáìtì CAMEO Chemicals tí NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe máa gbà á tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí i. Mo fẹ́ràn CAMEO fún nǹkan kan, ẹ lè kó kẹ́míkà méjì tàbí mẹ́ta sínú ẹ̀ kó sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá kanra. Ọ̀fẹ́ ni.

Ti òórùn tó ń fa ọ̀fun ya yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí mi. Tí hydros bá ti fa ọ̀rinrin, ó máa ń gbóná fúnra ẹ̀, ó lè gbiná, afẹ́fẹ́ sulphur dioxide ló sì máa ń jáde lára ẹ̀, òun ló ń fa ọ̀fun. Tí ásíìdì bá kàn án, ó tún burú sí i. Èyí tó ti fa ọ̀rinrin náà ni kì í lágbára mọ́, ó lè jẹ́ ìdí tí aró yín ò fi mú aṣọ, torí iṣẹ́ ẹ̀ ni láti sọ indigo di èyí tó ń yòrò. Inú ike tó gbẹ, tó ní ìdérí tó le, ni kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí, kó jìnnà sí omi àti iná. Kọ́ọ̀sítíìkì sódà, sódà ni kẹ́ ẹ máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, ẹ má da omi lé sódà lórí láéláé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú, tó bá ta sójú ẹ fomi ṣàn án fún ìgbà pípẹ́ kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. ILO àti WHO jọ ní káàdì ààbò kẹ́míkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, International Chemical Safety Cards, ti sódà ni ICSC 0360. Ó ṣe ṣókí, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tẹ́ ẹ ti ń rẹ aró.

Ọmọ Aláró Kẹmta

Mo dúpẹ́ gan-an ma. Màá béèrè dúrọ́ọ̀mù yẹn lọ́jà tó ń bọ̀. Ìtumọ̀ "sọ ọ́ di èyí tó ń yòrò" yẹn, ṣé ìyẹn ló fà á tí omi inú ìkòkò fi máa ń ní àwọ̀ ewé àti yẹ́lò kó tó di búlúù tá a bá fa aṣọ síta?

Lábù Ọbáńtokò

Òun gan-an ni! Indigo kì í yòrò nínú omi rárá. Hydros máa fi háídírójìn méjì kún un, ó di leuco-indigo, C16H12N2O2, 264.28, ìyẹn ń yòrò nínú omi sódà, ó sì máa wọ inú òwú. Tẹ́ ẹ bá fa aṣọ síta, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ gba háídírójìn méjì yẹn padà, ó tún di indigo, ó há sínú òwú, kò lè yòrò jáde mọ́. Ọmọ Ìtòkú, ṣí indigo àti leuco-indigo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú PubChem, wo ibi tí C=O méjì ti di C-OH. Fi àwòrán méjèèjì yẹn sínú próójẹ́ẹ̀tì ẹ, gbogbo iṣẹ́ ìkòkò aró wà níbẹ̀.

Ewé Èlú

Ẹ̀yin ò sì sọ̀rọ̀ ewé. Kí àwọn ará Jámánì tó máa ta indigo alátọwọ́dá lọ́dún 1897, ewé èlú làwọn ìyá wa ń gún. Èlú tiwa, Lonchocarpus cyanescens ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, àwọn ìwé tuntun ń kọ Philenoptera cyanescens, ẹ fi orúkọ méjèèjì wá a torí dátábéèsì kan lè mọ ọ̀kan kó má mọ ìkejì. Indigo ò sí nínú ewé tútù. Indican ló wà níbẹ̀, C14H17NO6, tí ṣúgà so mọ́ lára. Tí wọ́n bá gún un tó sì kan, ṣúgà yẹn máa já kúrò, ó ku indoxyl, afẹ́fẹ́ ló máa so indoxyl méjì pọ̀ di indigo.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Tẹ́ ẹ bá tẹ "indican", ẹ lè bọ́ sórí indoxyl sulphate, torí àwọn oníṣègùn ń pe èyí tó wà nínú ìtọ̀ èèyàn ní indican náà. Èyí tó ní ṣúgà lára ni ti ewé, èyí tó ní súlúfọ̀ lára ni ti ìtọ̀.

Fún kẹ́míkà inú ewé, COCONUT ni mo máa ń lọ, dátábéèsì ọ̀fẹ́ fún ohun tí ewé, egbò àti kòkòrò ń ṣe jáde. LOTUS náà wà, òun ló ń sọ kẹ́míkà wo ni wọ́n rí nínú ewé wo pẹ̀lú ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, inú Wikidata ni wọ́n kó o sí. African Natural Products Database sì wà fún ewé ilẹ̀ Áfíríkà. Inú mi dùn pé ìyẹn wà, ewé tó kù tí wọn ò tíì kọ síbẹ̀ pọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní láàbù, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe é.

Lábù Ọbáńtokò

Fún ẹni tí dátà ẹ̀ kéré, ojú ewé PubChem máa ń wúwo. Tẹ èyí sínú bíráwúsà:

pubchem.ncbi.nlm.nih.gov/rest/pug/compound/name/indigo/property/MolecularFormula,MolecularWeight/CSV

Ìlà díẹ̀ péré ló máa jáde, kò ní jẹ dátà púpọ̀. Yọ indigo, fi orúkọ míì sí i. Tó o bá fẹ́ àwòrán nìkan, pa ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ látorí property rẹ́ dé òpin, kó o fi PNG sípò ẹ̀.

Tíṣà Òṣíẹ̀lẹ̀

Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn mi. Àwọn ọmọ ìwòyí ń béèrè CAS number àti SMILES lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè, ó máa dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú, nọ́ńbà náà á sì jẹ́ ti nǹkan míì tàbí kó má tiẹ̀ sí rárá. Ẹ fi ìṣirò Àǹtí yẹn dán an wò, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nọ́ńbà lè yege nínú ìṣirò kó má sì jẹ́ ti kẹ́míkà yín. Dátábéèsì ló máa sọ ti ta ni. Wikipedia náà, àpótí tó wà lápá ọ̀tún níbẹ̀ dáa, CAS, CID, ChemSpider, gbogbo nọ́ńbà wà níbẹ̀, ẹ gba ibẹ̀ wọlé, àmọ́ orí dátábéèsì gan-an ni kẹ́ ẹ ti mú ohun tẹ́ ẹ máa kọ.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun lọ́pọ̀lọpọ̀. Súpáfáísọ̀ mi ní kí n kọ ibi tí mo ti rí i, ṣé "PubChem" nìkan tó?

Àǹtí Kẹ́mísírì

Kò tó. Kọ PubChem, CID ẹ̀, orúkọ ẹni tí PubChem ní ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, àti ọjọ́ tó o wò ó, torí wọ́n máa ń tún ojú ewé wọn ṣe. Nínú téébù ẹ, fi CAS number ṣáájú, kí orúkọ ọjà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà fọ́múlà pẹ̀lú omi tó bá wà lára ẹ̀, molecular weight, ewu, lẹ́yìn náà ibi tó o ti rí i.

Ọmọ Ìtòkú

Bí mo ṣe máa ṣe é nìyẹn ma. Tí mo bá ti parí téébù náà màá gbé e síbí kẹ́ ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ Aláró Kẹmta, tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò ara dúrọ́ọ̀mù yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi síbí, mo fẹ́ fi nọ́ńbà ẹ̀ wé tèmi.